Ẹsẹ̀ Ọmọ tí Ikán Jẹ

Ẹ má wò mí bí ẹni tó wá wo ohun tí obìnrin kì í wò.
Igi ni mo wá wò.
Mo mọ igi yìí kí ó tó ní ojú,
nígbà tó ṣì nà gbalaja sẹ́yìn àká wa ní Èjùkù,
tí adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀,
tí mo ń jókòó lé e, tí mò ń jẹ iṣu sísun.

Igi ọmọ̀ ni. Bàbá mi kò fẹ́ ìrókò,
ó ní ìrókò a máa bá àáké jiyàn,
ó ní apá wúwo ju ọrùn ọmọ ènìyàn lọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lé e, eérún igi ń fò bí eéṣú.
Ọ̀sẹ̀ kan ló fi tún un lé.
Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ kékeré, ó jókòó tì í
bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.
Èmi ni mò ń bu omi sí òkúta ìpọ́nbẹ.
Mo rí i nígbà tí ìkòkò olójú méjì yọ nísàlẹ̀,
tí obìnrin kan kúnlẹ̀ lé e lórí,
ọrùn gígùn, ọmú tó rọ̀ wọ̀ǹgọ̀,
àti ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ ọmọ náà.
Bánjókòó ni wọ́n pè é. Kò jókòó.
Oṣù mẹ́jọ ló lò lọ́dọ̀ wa,
ikọ́ líle gbé e lọ ní ìgbà ọyẹ́.
Ìyá mi kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni,
ó kàn ń so ọ̀já mọ́ ẹ̀yìn òfìfo
ó sì ń gbé korobá lọ sódò.
Bàbá mi wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí.
Àáké ló rí.
Etí ọ̀tún tó ká díẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa,
ó fín in síbẹ̀.
Ẹsẹ̀ tó máa ń gbá ìyá mi níhà lóru,
ó fín in síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ọdún bá pé,
tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá gbé e rù, tó sáré bọ̀,
tó fẹ́ fò lé òkìtì,
gbogbo ìlú a mú èémí dúró.
Ẹnu ìyá mi nìkan ni yóò máa mì: *rọra, rọra.*
Wọ́n rò pé ìlú ló ń gbàdúrà fún.

Ikán kò mọ ẹni tí òun ń jẹ.
Ní ọdún yìí, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí àjà,
ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà di ìyẹ̀fun.

Mẹ́dùpín, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni wọ́n ránṣẹ́ sí ní Ìsánlú.
Ilẹ̀kùn ló ń ṣe níbẹ̀, àti àga ṣọ́ọ̀ṣì, àti pósí.
Ó dé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, tépù, ègé pákó kan.
"Ọ̀kun o, Ìyá. Báwo ni ẹsẹ̀ náà ṣe gùn tó?"
Gbogbo àwọn àgbà ọkùnrin wo ara wọn.
Kò sí ẹni tó mọ̀.
Nítorí náà ni wọ́n ṣe pè mí wọlé,
wọ́n ní kí n má wo ìkòkò, kí n wo ẹ̀yìn obìnrin náà nìkan.

Mo na ìka mi tó kéré jù. Mo ní: dé oríkèé kejì.
Mo ní: má gbẹ́ ẹ gún régé, Mẹ́dùpín,
kì í na ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀,
ìta ló máa ń ta á sí bó bá ti sùn.

Ó gbẹ́ ẹ. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.
Ó funfun lára igi dúdú náà bí eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.
Ó fẹ́ fi ọ̀dà kùn ún, mo ní kó fi sílẹ̀,
èéfín ilé á mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Kò gba owó. Iṣu mẹ́ta ló gbà,
ó ń kùn pé ọ̀kan ti hù.

Lọ́tùn-únla, èmi náà á dúró níbi tí obìnrin ń dúró.